Ìkúnwọ́ Ìṣó Àkọ́kọ́

Ṣààà. Bí ìṣó ṣe máa ń ró nìyẹn tí wọ́n bá dà á sínú àwo irin: ṣààà, lẹ́yìn náà kìrì, kìrì, títí èyí tó gbẹ̀yìn á fi ríbi jókòó sí. Láti ìgbà tí Àkíbù ti kúrò ní Akra, kò tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń ta ìṣó ní Ọ̀fà tó padà sí, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, ọ̀rá kì í sì í dún bẹ́ẹ̀. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Tinúkẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé fóònù sí i létí, tó ní, "Bàbá, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí yín láti Gánà." Ohun tó kọ́kọ́ wọ bàbá arúgbó náà létí kì í ṣe ohùn èèyàn. Ìṣó ni. Ẹnì kan ń da ìṣó sínú àwo lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àkíbù gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Bùọ̀dá Àkíbù, ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ o. Èmi Làtífátù ni, ọmọ Ràbíátù oníṣòó, ti Tudu. Wọ́n ní ẹ ṣì wà láàyè, inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Ọmọ mi ọkùnrin gbé òṣùwọ̀n màmá wa lọ fún ẹni tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe. Ọkùnrin yẹn ní irọ́ ni òṣùwọ̀n náà ti ń pa látọjọ́ yìí, pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti tún un ṣe, kò sì rántí ọ̀nà tó ń gbà purọ́ mọ́. Àwọn ọmọ wá ń wò mí. Wọ́n ní ṣé ṣọ́ọ̀bù tí a jókòó sí yìí, ṣé rírẹ́ èèyàn jẹ ni màmá àgbà fi kọ́ ọ ni? Nínú gbogbo àwọn àgbà tó fọwọ́ kan òṣùwọ̀n yẹn nígbà náà, ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Tinúkẹ́ tún un fi sí i. Nígbà tó parí, ó na fóònù sí bàbá rẹ̀ àgbà pé kó dáhùn. Àkíbù mi orí.

"Bàbá, ṣé ẹ ò mọ ìdáhùn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé?"

Àkíbù tún gbé ife tíì rẹ̀. Bó bá ní kóun sọ ọ́ tán, yóò kan ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gba ara tòun kọjá, yóò sì wá dà bí ẹni tó jókòó sí Ọ̀fà tó ń béèrè ọpẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè náà kọ́ ni Làtífátù yìí.

Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, àwọn awakọ̀ ṣì ń kun àsíá sára ọkọ̀ wọn. Àkíbù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ Àdìgún, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì. Àpótí irinṣẹ́ kan, jáàkì kan, àti ibòòji igi dóńgóyárò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ràbíátù nítòsí ibùdókọ̀ Tudu, gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Ibòòji náà gan-an, Ràbíátù ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, nítorí pé ọmọ Ọ̀fà ni àwọn méjèèjì.

Opó ni Ràbíátù. Ìṣó ló ń tà, àti àgbékọ́ ilẹ̀kùn, àti ṣéènì, àti káún díẹ̀ fún àwọn alásè. Àwọn káfíńtà máa ń ti Adabraka wá, wọ́n á kọjá níwájú oníṣòó mélòó kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí wọ́n ní ìṣó tiẹ̀ ló máa ń kárí òrùlé. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé obìnrin náà kì í fi ènì sọ́jà. Wọ́n á máa pariwo, "To so! To so!" pé kó fi díẹ̀ lé e. Ràbíátù á kàn nàka sí òṣùwọ̀n onísípíríǹgì tó fi kọ́ sára òpó. "Òṣùwọ̀n ti sọ̀rọ̀." Wọ́n á pè é ní ahun lójú ara rẹ̀. Tó bá tún di ọjọ́ míì, àwọn náà ló máa ń padà wá.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí Àkíbù rí lábẹ́ igi yẹn, ọwọ́ Abena ló ti wá. Abena ló ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń la ọ̀nà nínú igbó. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ní, èyí tó sì ń dà á láàmú jù ni Lándíròfà àtijọ́ kan tó rà lọ́wọ́ òyìnbó awọnlẹ̀ kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Òkúta àti kòtò ni òyìnbó yẹn ti fi wà á láyé. Bó bá ti sáré díẹ̀ báyìí tó kan gegele, táyà iwájú méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn ò sì ní dẹ́kun àfi tó bá dúró pátápátá.

"Ọwọ́ mi ti bàjẹ́," ni Abọ́dúnrìn awakọ̀ rẹ̀ wí. Ọmọ Ìlọrin ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Tí mo bá délé, ọwọ́ ṣì máa ń gbọ̀n. Ìyàwó mi ti gbé ajọ̀ fún mi pé bó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kúkú máa bá òun ku èlùbọ́."

Abena kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ga, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Ohun tó bá sọ ní Tudu, wọ́n lè gbọ́ ọ ní Kantamanto. Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ó ní, "Alata, gbọ́ mi. Ó ti sú mi, àwọn tó ń fọwọ́ tọ́ mọ́tò mi láìmọ ohun tí wọ́n ṣe. Bó o bá tún èyí ṣe tó dára, tó o sì lè sọ ohun tó ṣe é fún mi, àwọn méjì yòókù ti di tìẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo ń kó gbogbo wọn lọ."

Àkíbù mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí ọkọ̀ mẹ́ta bá ń wá sábẹ́ igi yẹn, ó ti di ọ̀gá. Bí wọn ò bá wá, àgbàlá Àdìgún ni yóò padà sí, níbi tí wọ́n á ti máa rán an lọ ra omi.

Ó fi jáàkì gbé e, ó tú táyà, ó fọ ìdọ̀tí ọdún mélòó kan kúrò. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yí lórí kíńpìnnì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bíárìn ló sì gbé wọn dúró. Bíárìn ti jẹ. Ó wá tuntun fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ niṣẹ́ parí sí. Àwọn awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lábẹ́ kíńpìnnì òkè tí wọ́n ń pè ní ṣíìmù. Bí èèyàn bá yọ ọ̀kan, kíńpìnnì á tẹ bíárìn mọ́lẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ á le. Bó bá fi ọ̀kan kún un, á dẹ̀. Tó bá dẹ̀ jù, gbígbọ̀n yẹn á padà wá. Tó bá le jù, sítíárìn kò ní fẹ́ padà wálé fúnra rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn kọ́nà. Láti mọ bó ṣe le tó, wọ́n máa ń fi ìkọ́ òṣùwọ̀n kọ́ ihò apá tó ń yí ẹsẹ̀ náà, wọ́n á rọra fà á, wọ́n á wo ibi tí abẹ́rẹ́ bá wà bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí. Pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Àdìgún kọ́ ọ. Òṣùwọ̀n tí Àdìgún fi kọ́ ọ sì wà nílé Àdìgún.

Àkíbù nu ọwọ́, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá. Mo fẹ́ yá òṣùwọ̀n yín."

"Kí lo fẹ́ wọ̀n?"

"Mọ́tò ni."

Ràbíátù pàtẹ́wọ́. "Làtífátù, wá gbọ́ o! Àkíbù ti ń ta mọ́tò ní pọ́n-ùn pọ́n-ùn. Gé pọ́n-ùn méjì fún mi níbẹ̀, kó o yan ibi tí kò légungun."

"Tèmi, ẹ̀dọ̀ ni kẹ́ ẹ gé," ni Làtífátù wí látinú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọge ni nígbà náà, ó ń to páálí ìṣó.

Ràbíátù sọ òṣùwọ̀n náà kalẹ̀, àmọ́ kò tètè fà á lé e lọ́wọ́. "Ìṣó ló mọ̀ ọ́n wọ̀n o, Àkíbù. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ti mọ́tò."

"Ìwọ̀n kan náà ni, Ìyá."

Obìnrin náà wò ó díẹ̀, ó gbé e fún un.

Ó yọ ṣíìmù kan, ó fà á. Ó yọ òmíràn, ó tún fà á. Nígbà tí abẹ́rẹ́ jókòó sórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápá ọ̀tún, tó tún jókòó síbẹ̀ lápá òsì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé. Abọ́dúnrìn wa ọkọ̀ náà yípo ibùdókọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi han gbogbo ayé pé wọn ò gbọ̀n mọ́. Wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó gbóná, wọ́n ti padà dé. Òógùn bo Abọ́dúnrìn.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, gbígbọ̀n ti lọ, alágídí ló wá dà. Mo yí i sósì ní kọ́nà Adabraka, mo ní kó máa bọ̀ wálé, ó ní ibẹ̀ wu òun. Mo fà á, mo fà á! Díẹ̀ ló kù kí n wọlé bá ìyá oníkẹ́ńkẹ́ kan láìkí i."

Abena ti sọ̀kalẹ̀. "Mò ń lọ rajà. Nírọ̀lẹ́, mo fẹ́ bá a níbi tó dáa, mo sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ṣó o gbọ́? Ohun tó fà á."

Àkíbù tún gbogbo rẹ̀ tú. Ó fi òṣùwọ̀n kọ́ ọ, ó fà á: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tún fà á: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wá ju òṣùwọ̀n sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Ọwọ́ rẹ̀ rántí bí ó ṣe máa ń rí nílé Àdìgún, èyí sì le jù ú lọ. Ó jókòó sórí táyà. Níbi tó ti ń ronú, ó mú sípánà kan, ó fi kọ́ ìkọ́ òṣùwọ̀n láìní nǹkan kan lọ́kàn.

Abẹ́rẹ́ kò mira.

Ó fi èyí tó tóbi jù ú lọ kún un. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ó da ìṣó sínú àkísà, ó dì í, ó fi kún wọn, ìgbà yẹn ni abẹ́rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó tú gbogbo rẹ̀ kúrò, ó wo ojú òṣùwọ̀n náà dáadáa. Èèkàn kékeré kan wà níbi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì fara tì í. Bí kì í bá ṣe èèkàn yẹn, abẹ́rẹ́ ì bá ti lọ sẹ́yìn jìnnà. Ìkúnwọ́ ìṣó àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi kọ́ ọ, òṣùwọ̀n Ràbíátù kì í kà á rárá.

Káfíńtà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù lákòókò yẹn, ó ń ra ìṣó òrùlé, ó ń pariwo, "To so!" Ràbíátù rán Làtífátù pé kó gba òṣùwọ̀n wá lọ́wọ́ Àkíbù, nígbà tí òṣùwọ̀n sì dé, tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, Àkíbù gbọ́ tí Ràbíátù ní òṣùwọ̀n ti sọ̀rọ̀. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi lọ, tó ń kùn lójú ọ̀nà.

"Ìyá, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n yín."

"O ti rí i." Ràbíátù kò tiẹ̀ yíjú. "Èmi ni mo ní kí alágbẹ̀dẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn."

"Nítorí kí ni?"

"Ènì ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Tudu, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń bù ú. Káfíńtà kan á ní tòun kéré. Èkejì á ní mo bu ti ẹni àkọ́kọ́ jù. Àwọn ará ilé á ní kí ló dé tí mò ń fún àwọn onílẹ̀ ju àwọn lọ, àwọn onílẹ̀ á ní mò ń fún àwọn Alata. Ìjà lójoojúmọ́, nítorí ìṣó. Ọwọ́ mi náà kì í sì í ṣe bákan náà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ti bí mi nínú, ó máa ń kéré, èmi fúnra mi mọ̀. Ni mo bá kó ènì sínú òṣùwọ̀n. Ẹni mo fẹ́ràn, ẹni n kò fẹ́ràn, ìkan náà ni wọ́n ń gbà, mi ò sì ní í rí i kó dùn mí."

"Wọ́n ń pè yín ní ahun."

"Kí wọ́n máa pè mí. Ṣé wọn ò ń padà wá ni?"

Àkíbù fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rántí Abena. Ó sọ fún un pé Abena fẹ́ mọ ohun tó fà á, àti ohun tó dúró lórí rẹ̀. Lákòókò yẹn, ẹnu ti ń kun àwọn àlejò nínú ọjà: wọ́n ní agolo wọn kì í kún, wọ́n ní ìwọ̀n wọn kì í pé. Bí ohùn Abena bá fi lè gbé e jáde pé òṣùwọ̀n Ràbíátù ń purọ́, ta ni yóò dúró gbọ́ apá ibi tí irọ́ náà dorí kọ?

"Sọ ọ́ fún un," ni Ràbíátù wí. "Oúnjẹ rẹ ni. Mi ò ní bínú." Ó gbá ìṣó tó já bọ́ sílẹ̀ jọ. "Àmọ́ ìwọ tó o mọ irin, dá mi lóhùn kó o tó lọ. Ṣé irọ́ ni òṣùwọ̀n yìí ń pa?"

Àkíbù tún wo ojú òṣùwọ̀n náà. Irin tó bá ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbi tí kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ni wọ́n ń pè é? Bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí ẹni tó pàdánù nínú rẹ̀ àyàfi ẹni tó ni ín.

"N ó dá yín lóhùn, Ìyá."

Làtífátù bá a gbé páálí ìṣó kan tí wọn ò tíì já, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti tẹ pọ́n-ùn méje sí lára. Nígbà tí Làtífátù padà wọlé, Àkíbù fi kọ́ ọ. Òṣùwọ̀n ní márùn-ún ni. Àkíbù wá mọ ohun tó yẹ kó yọ. Ó dá ṣíìmù padà, ó ń fà á, ó ń fi kún un, títí òṣùwọ̀n fi ka mẹ́tàlá, ọwọ́ rẹ̀ náà sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Abọ́dúnrìn wà á dé kọ́nà, ó yí i, ó sì jọ̀wọ́ sítíárìn. Sítíárìn rọra yí padà wá sí àárín fúnra rẹ̀, bí ẹṣin tó mọ̀nà ilé.

Nígbà tí Abena dé nírọ̀lẹ́, èrò pọ̀ níbẹ̀: alágbàárù, káfíńtà, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí sítíárìn, ó mi orí.

"Ó dára. Kí ló ṣe é lánàá?"

Òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ Àkíbù. Ràbíátù wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sá wọlé.

"Mo fà á le jù ni."

"Ìyẹn, awakọ̀ mi ti sọ ọ́ fún mi. Kí ló jẹ́ kó o fà á le jù?"

Ó ronú pé kóun pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n Abena kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọwọ́ mi ló ṣì í," ni Àkíbù wí.

Abena wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. "Ọwọ́ tó ṣì lánàá, tí kò mọ ìdí tó fi ṣì, á tún ṣì. Ojú ọ̀nà igbó ni mọ́tò mi ń gbà." Ó san owó rẹ̀ pé, ó wọlé sínú ọkọ̀. Abọ́dúnrìn yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Àkíbù, ojú rẹ ò jọ ti ẹni tí kò mọ̀dí."

"Máa wa ọkọ̀ rẹ lọ, Bùọ̀dá."

Kí oṣù náà tó parí, ó ti gbé àpótí rẹ̀ padà sí àgbàlá Àdìgún. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kúrò ní Gánà. Ràbíátù kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà kò sì retí rẹ̀. Ìgbàkúùgbà tó bá ti kọjá ní Tudu ni obìnrin náà máa ń pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Mẹkáníìkì, o ò tíì dá mi lóhùn o!" Á ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá." Ó di bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọdún tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ dé. Làtífátù ti fẹ́ ọmọ Gã, màmá rẹ̀ sì bá wọn dúró. Lọ́jọ́ tí Àkíbù ń wọ ọkọ̀, Ràbíátù wá sí ibùdókọ̀. Kò béèrè ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn tú àpò Àkíbù, ó fi ọwọ́ méjèèjì bu ìṣó sí i, ṣààà, kò wọ̀n ọ́n, ó di àpò náà padà, ó sì lọ.

Ìṣó yẹn ni Àkíbù fi kan ilẹ̀kùn iyàrá rẹ̀ ní Ọ̀fà. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, orí wọn ti dúdú. Ó ń wò wọ́n láti orí ibùsùn lójoojúmọ́ tí Tinúkẹ́ bá bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣetán?" Ó sì ń ní kò yá. Ohun tó jẹ́ kó yá níkẹyìn kò pọ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn ìṣó náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé kò sí ibi tí àwọn ọmọ ọmọ Ràbíátù ti lè gbọ́ ọ mọ́ bí òun bá lọ láìsọ ọ́, àti pé òun lè sọ ọ́ kí òun má fi ara òun sí i.

Ó pe Tinúkẹ́, ó gba fóònù, ó sún un mọ́ ẹnu.

"Làtífátù, èmi Àkíbù ni. O kú ìdúró. Màmá yín kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìkúnwọ́ ìṣó àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n wọn kì í kà. Ènì ni wọ́n kó síbẹ̀, kó lè kárí tọ̀rẹ́ tọ̀tá. Sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Kó o wá gbé e padà lọ fún ẹni tó tún un ṣe. Ní kó fi ọwọ́ méjèèjì bu ìṣó sínú àwo, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, kó sì máa tẹ abẹ́rẹ́ yẹn sẹ́yìn títí kò fi ní í ka ìkúnwọ́ náà mọ́. Tó o bá dé ìdí sàréè wọn, bá mi sọ fún wọn pé mẹkáníìkì ní kì í ṣe irọ́."